Bí ẹ ṣe lè jí ẹgbẹ́ Scrabble orí ayélujára tó ti dákẹ́

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀ta. Ṣé a rẹ́ni tó máa ta lónìí?"

Irú ìbéèrè yìí ló sábà máa ń kẹ́yìn kí ẹgbẹ́ Scrabble (ayò tí a fi ń to lẹ́tà di ọ̀rọ̀ lórí ọpọ́n) orí WhatsApp tó dákẹ́ pátápátá. Ẹnì kan kọ ọ́ ní aago méje alẹ́, ogún èèyàn rí i, ẹnikẹ́ni ò fèsì. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn fi àwòrán òdòdó "Ẹ kú àárọ̀ Ọjọ́bọ̀" ránṣẹ́. Ọjọ́ kẹta, ìpolówó ilẹ̀ ní Mòwé ló kàn.

Bí ádímìn bá rí i báyìí, nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń sáré ṣe. Á kọ ọ̀rọ̀ gígùn láti fi bá gbogbo èèyàn wí, tàbí kó kéde ìdíje olówó, tàbí kó yọ àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ dànù. Mo ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ẹgbẹ́ tí mò ń bójú tó, kò sí èyí tó dá ẹnì kan padà sídìí ọpọ́n. Nígbà tí mo wá ń bi àwọn tó ti lọ léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo tó mọ̀ pé Scrabble ò sú ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n kàn ń wọlé láìbá ẹnikẹ́ni ni. Ẹni tó bá wá lẹ́ẹ̀mejì tí kò bá ẹni tí wọ́n á jọ ta, kò ní wá lẹ́ẹ̀kẹta. Gbogbo ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, torí kí ẹni tó bá dé lè bá ẹnìkejì rẹ̀ níbẹ̀ ni.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Èèyàn méjì tó máa ràn yín lọ́wọ́. Kí ọ̀kan jẹ́ ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta dáadáa, tí gbogbo èèyàn mọ̀, kí èkejì jẹ́ òpè, ìyẹn ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ta. Ẹ má mú ọ̀ta méjì. Ọ̀ta kì í rántí bó ṣe ń rí lára nígbà tí èèyàn ń pàdánù lójoojúmọ́.
- Ìwé kékeré kan àti bírò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi orí fóònù ṣe é. Orúkọ tí ẹ bá fọwọ́ kọ máa ń wà lọ́kàn yín.
- Ibi ìtayò kan ṣoṣo. Woogles ni mo fara mọ́: ọ̀fẹ́ ni, kò ní ìpolówó, ó ń ṣí nínú bíráwúsà fóònù, ẹ sì lè yan ìwé ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́. Bí ẹ bá ti ń lo òmíràn tẹ́lẹ̀, ẹ dúró síbẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ìdajì ẹgbẹ́ wà níbì kan, kí ìdajì wà níbòmíràn.
- Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ò nílò owó. Dátà náà ò ní wọ́n yín, torí ìtayò fúnra rẹ̀ kì í jẹ dátà bíi fídíò.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka àwọn tó ṣì ń ta

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ padà sẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ títí dé oṣù mẹ́ta, kí ẹ kọ orúkọ sí ọ̀nà mẹ́ta nínú ìwé yín: àwọn tó ta ayò láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó kọjá, àwọn tó máa ń ta tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ti dáwọ́ dúró, àti àwọn tó wọlé tí wọn ò ta rí. Nígbà tí mo ṣe tiwa, èèyàn 64 ló wà nínú WhatsApp, àmọ́ ọ̀nà àkọ́kọ́ ò ju orúkọ 7 lọ. Ó dùn mí nígbà tí mo rí i. Síbẹ̀, orí 7 yẹn ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ yìí, dípò kí n máa pariwo sí èèyàn 64.

Ọ̀nà kejì ló ṣe pàtàkì jù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìdí tó fi dáwọ́ dúró, ẹ má sì méfò. Ẹ bi í ní ìkọ̀kọ̀. Yàtọ̀ sí àìbá ẹni tí wọ́n á jọ ta, ìdí tí èmi gbọ́ ò pọ̀: iṣẹ́ tuntun, ọmọ tuntun, fóònù tó bàjẹ́. Ẹnì kan ní wọ́n bú òun nítorí ọ̀rọ̀ kan tí òun fi sílẹ̀ lórí ọpọ́n, kò sì sẹ́ni tó gbèjà òun. Àwọn kan sì ní, "Mi ò kì í borí, ó ti sú mi."

*Ibi tí èèyàn ti máa ń ṣì í:* ẹ má bi í lójú gbogbo èèyàn. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò wá mọ́?" láàárín ẹgbẹ́ dà bíi pé ẹ̀ ń pè é lẹ́jọ́, ńṣe ló máa jáde. Ẹ má sì yọ àwọn tí kì í sọ̀rọ̀. Ẹ rántí ìdí ayò lábẹ́ igi: èèyàn méjì ló ń ta, mẹ́wàá ló yí wọn ká, àwọn mẹ́wàá yẹn ló ń mú ayò dùn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó dákẹ́ nínú ẹgbẹ́ yín, òǹwòran ni wọ́n, wọ́n sì lè jókòó lọ́la.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí:* ẹ pa ìwé náà dé. Bí ẹ bá lè dárúkọ èèyàn mẹ́jọ, ìlú tí kálukú ń gbé, àti ohun tó ń dí i lọ́wọ́, ẹ lè tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ dá ọjọ́ kan àti aago kan

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Ẹ má ṣe ìbò orí WhatsApp tó ní ọjọ́ márùn-ún. Ẹni mẹ́ta á mú ọjọ́ Ẹtì, ẹni mẹ́ta á mú Àbámẹ́ta, méjì á mú Àìkú, ọjọ́ tó bá sì wọlé, àwọn tí kò dìbò fún un á gbà pé kò kan àwọn. Dípò ìyẹn, ẹ bi àwọn mẹ́jọ yẹn ní ìbéèrè kan: "Ọjọ́ wo ni ẹ kò lè wá rárá?" Ó yá èèyàn lára láti sọ èyí tí kò lè ṣe. Ẹ fagi lé gbogbo ọjọ́ tí wọ́n dárúkọ, kí ẹ mú nínú èyí tó kù.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ nípa ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn. Aago méje alẹ́ la máa ń ta tẹ́lẹ̀, mo sì ti kọ ọ́ sí àwọn tí ò fẹ́ràn ayò mọ́. Ohùn ló fi ránṣẹ́ sí mi, mo ń gbọ́ fèrè mọ́tò lẹ́yìn rẹ̀: "Ọmọ mi, aago méje tẹ́ ẹ̀ ń wí yẹn, inú mọ́tò ni mo máa ń wà ní Ìwó Road, báàgì aṣọ á wà lórí ẹsẹ̀ mi. Ibo ni mo fẹ́ gbé fóònù sí?" Wákàtí kan la fi sún aago síwájú, ó sì padà.

Ẹ ro ìpàdé ìjọ, àsìkò ìrun, bọ́ọ̀lù Premier League àti iná. Nínú oṣù Ààwẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn Mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ ló dá aago, torí ìṣínu àti àṣámù máa yí alẹ́ wọn padà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ Àìkú, aago 8 alẹ́ ló kù.

Bí ẹ bá ní ọmọ ẹgbẹ́ lókè òkun, ẹ fi aago Èkó dá àkókò nígbà gbogbo, torí aago Nàìjíríà kì í yí padà, tiwọn ń yí. Aago 8 alẹ́ l'Ékòó jẹ́ 8 alẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà ẹ̀rùn wọn, ó sì di 7 alẹ́ nígbà òtútù. Ní New York, 3 ọ̀sán ni nígbà ẹ̀rùn, 2 ọ̀sán nígbà òtútù. Ní Houston, 2 ọ̀sán, lẹ́yìn náà 1 ọ̀sán. Gẹ̀ẹ́sì máa ń yí aago ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta àti tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Amẹ́ríkà ń yí tirẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta àti ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá. Ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta wà nínú oṣù Kẹta tí Amẹ́ríkà ti yí tí Gẹ̀ẹ́sì ò tíì yí, ọ̀sẹ̀ kan sì wà ní ìparí oṣù Kẹwàá tí Gẹ̀ẹ́sì ti yí tí Amẹ́ríkà ò tíì yí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti gba èèyàn méjì lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn tí aago Lọ́ńdọ̀nù yí ní oṣù Kẹwàá, àwọn àbúrò wa méjì tó ń gbé níbẹ̀ wọlé ní aago 8 tiwọn. Aago 9 ti lù l'Ékòó, a ti fẹ́ẹ̀ ta tán. Wọ́n rò pé a mọ̀ọ́mọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìdúró de àwọn ni, wọn ò sì bi mí. Oṣù mẹ́ta kọjá kí n tó gbọ́ ohun tó wà nínú wọn. Nítorí náà, ẹ kọ aago ìlú kọ̀ọ̀kan sókè ẹgbẹ́, kí ẹ sì tún un kọ lọ́jọ́ Ọjọ́rú tó ṣáájú ọjọ́ Àìkú tí aago máa yí.

Ẹ má jẹ́ kí ó gùn. Ìdíje gidi máa ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 25, ìyẹn fẹ́ẹ̀ tó wákàtí kan fún ayò kan. Lórí fóònù, níbi tí bátìrì ti ń lọ tí iná lè lọ nígbàkigbà, ó ti pọ̀ jù. Ìṣẹ́jú 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ayò méjì, wákàtí kan àbọ̀ pẹ̀lú àwàdà àárín rẹ̀, ó tó.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí:* ẹ bi èèyàn márùn-ún ní ìkọ̀kọ̀ pé, "Ọjọ́ wo la ń pàdé o?" Bí wọ́n bá dáhùn láìlọ wo ohunkóhun, ọjọ́ náà ti wọ̀ wọ́n lára.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fi orúkọ pè wọ́n

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìpè tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn, kálukú á rò pé ẹlòmíràn á jẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ẹ̀yin àti àwọn olùrànlọ́wọ́ yín méjì ẹ pín orúkọ mẹ́jọ yẹn láàárín ara yín, kí ẹ kọ irú èyí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin àti àbúrò wa tó wà l'Ábẹ́òkúta ni mo fẹ́ kí ẹ jọ ta ní ọjọ́ Àìkú, aago 8 alẹ́. Ó ní òun ò tíì gbàgbé bí ẹ ṣe fi lẹ́tà méjèèje sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ́ òun lórí. Ṣé kí n sọ fún un pé ẹ ń bọ̀?"

Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀: ẹni tí wọ́n á jọ ta, aago, ìrántí kan tó jẹ́ tiẹ̀ nìkan, àti ìbéèrè tí "bẹ́ẹ̀ ni" tó láti dáhùn. Fún àwọn àgbà, ẹ má kọ̀wé, ẹ pè wọ́n. Ẹni tó ti tó bàbá yín kì í fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ pè òun wá síbi ayò, ṣùgbọ́n bó bá gbọ́ ohùn yín, inú rẹ̀ á dùn.

*Ibi tí èèyàn ti máa ń ṣì í:* ẹ má kọ ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́jọ. Wọ́n á fi han ara wọn. Ẹ má sì purọ́ pé "gbogbo èèyàn ló ń bọ̀." Ẹni tí ẹ bá tàn wá lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní rí i mọ́.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí:* ẹni mẹ́fà ti fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn ń bọ̀. Bó bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ bẹ̀rẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ méjì, ẹ sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Alẹ́ àkọ́kọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí, ẹ má ta ayò àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ni àfidípò. Ẹ wọlé ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú, ẹ fi línkì síbẹ̀, kí ẹ sì kí ẹnì kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń dé. Bí iná ẹnì kan bá lọ tàbí tí ẹnì kan ò bá dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀yin lẹ máa jókòó. Kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó máa jókòó ti ọpọ́n ní òun nìkan lálẹ́ yìí.

Báwo lẹ ṣe máa so wọ́n pọ̀? Fún ayò àkọ́kọ́, ẹ fi ọ̀ta kojú ọ̀ta, òpè kojú òpè. Ọ̀pọ̀ ádímìn máa ń so wọ́n pọ̀ bí wọ́n ṣe dé. Ọ̀ta á wá fi 480 na òpè tó ní 190, yóò sì kọ "good game" sí i. Ọjọ́ tí òpè yẹn kẹ́yìn nìyẹn.

Fún ayò kejì, ẹ da wọ́n pọ̀ lọ́nà míì: ọ̀ta kan àti òpè kan lápá kan, ọ̀ta kan àti òpè kan lápá kejì, kí wọ́n jọ máa fọ̀rọ̀ wérọ̀ lórí ìpè WhatsApp kí wọ́n tó gbé lẹ́tà sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọ̀ta mọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ òpè máa ń rí àyè tí ojú ọ̀ta ti fò. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Ìyá Gbági yẹn ló wà pẹ̀lú ọ̀ta kan tó ń wá ọ̀rọ̀ gígùn kiri. Ìyá ní, "Ẹ dúró ná. Lẹ́tà I tó wà nísàlẹ̀ yẹn, ṣé a ò lè gbé Q lé e lórí?" Àpótí tó ń sọ àmì lẹ́tà di ìlọ́po mẹ́ta ló wà lókè I náà. Wọ́n gbé Q síbẹ̀, wọ́n fi I mìíràn tì í lápá ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ tó dára ni QI; àmì 10 ni Q ní, 1 ni I ní. QI lóròó, QI níbùú, àmì 31 lọ́nà kìíní, 31 lọ́nà kejì: 62, lẹ́tà méjì péré. Ọ̀ta náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Màmá, ẹ ṣeun." Láti ọjọ́ náà, ìyá yìí ò pa ọjọ́ Àìkú kan jẹ.

Bí ayò bá tán, ẹ fi àwòrán ọpọ́n kan ṣoṣo sínú ẹgbẹ́, kí ẹ yin ìṣe kan tí òpè ṣe. Ẹ dárúkọ rẹ̀, ẹ sọ ohun tó ṣe gan-an. Ẹ má fi èsì gbogbo èèyàn síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Àtòkọ ẹni tó ṣe ìkẹyìn kì í pe ẹnikẹ́ni padà.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí:* ayò ti tán, wọn ò lọ. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹnì kan sì ń bẹ̀bẹ̀ fún ayò kan sí i.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ pa ìjà méjì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀

Àkọ́kọ́ ni ìjà ìwé ọ̀rọ̀. Ìwé ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ Collins là ń lò ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n àwọn ará wa tó kọ́ ayò ní Amẹ́ríkà lè máa lo àkójọ tiwọn. CH àti ZO dára nínú Collins, wọn ò sí nínú ti Amẹ́ríkà. Ẹ kọ ìlà kan sókè ẹgbẹ́: "Collins là ń lò." Bó ṣe tán nìyẹn. Ẹ tún yan òfin ìpèníjà, ìyẹn ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá gbé ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé sílẹ̀ tàbí tí wọ́n bá jiyàn lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Fún òpè, ẹ yan èyí tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ tí kò dára wọlé, Woogles ń pè é ní "void". Fún ọ̀ta, ẹ lo èyí tí ẹni tó bá pe ọ̀rọ̀ tó dára níjà máa fún ẹnìkejì ní àmì 5.

Ìjà kejì ló ń tú ẹgbẹ́ ká: "Lágbájá ń lo áàpù tó ń wá ọ̀rọ̀." Bí ẹ bá jẹ́ kí ó dé àárín ẹgbẹ́, bóyá òótọ́ ni o, bóyá irọ́ ni o, ìdajì á bá a lọ. Ẹ ní kí ẹni tó ń fura wá bá yín ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ wo ayò márùn-ún tí ẹni náà ta, kì í ṣe ọ̀kan, torí òpè náà lè rí ọ̀rọ̀ ńlá lọ́jọ́ kan. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ pè é, ẹ bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá, kí ẹ ní kó máa ta ayò alájọta (irú ayò kejì inú Ìgbésẹ̀ 4) fún ìgbà díẹ̀, níbi tí ẹnìkejì rẹ̀ á ti máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

Torí èyí náà ni mo ṣe ní kò gbọdọ̀ sí owó nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí, ì báà jẹ́ káàdì ìpè 500 náírà. Ibi tí owó bá wọ̀, ìfura á wọ̀ ọ́.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí:* iyàn ọ̀rọ̀ kan bẹ́ sílẹ̀, ẹlòmíràn tí kì í ṣe ẹ̀yin ló fi ìlà tó wà lókè hàn wọ́n, ó sì parí síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Nǹkan kékeré láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́

Ní Ọjọ́rú, nǹkan kan péré: ọ̀rọ̀ mẹ́wàá oní-lẹ́tà méjì, tàbí mẹ́wàá oní-lẹ́tà márùn-ún. Oní-lẹ́tà méjì lé ní 120 nínú Collins, òpè tó bá mọ̀ wọ́n ti kúrò ní òpè. Ní ti oní-lẹ́tà márùn-ún, ẹ sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín pé nígbà tí Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, gba ife àgbáyé Scrabble ní Perth, ní Ọsirélíà, ní ọdún 2015, tó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á, FELTY wà lára ọ̀rọ̀ tó gbé sílẹ̀ nínú àṣekágbá, ó sì mú àmì 36 wá fún un. Lẹ́tà márùn-ún ni. Inú àwọn òpè máa ń dùn bí wọ́n bá gbọ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígùn nìkan ló ń borí. Ẹ má fi kún un. Ẹgbẹ́ tí ádímìn ń fi nǹkan sí lójoojúmọ́, àwọn èèyàn á pa ìró rẹ̀, wọn ò sì ní gbọ́ ìpè ọjọ́ Àìkú.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin, kí olùrànlọ́wọ́ yín tó jẹ́ òpè máa so èèyàn pọ̀, kí ọ̀ta máa ṣe àfidípò, kí ẹ̀yin náà jókòó ta ayò tiyín. Wọ́n lè ṣe é yàtọ̀ sí bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí:* ní ọjọ́ Àìkú kẹfà, ẹ sọ fún àwọn méjèèjì pé ẹ ò ní sí nílé, kí ẹ pa dátà yín. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ṣí WhatsApp. Ohun tí ẹ̀ ń wá ni àwòrán ọpọ́n kan àti orúkọ ẹnì kan tí wọ́n yìn, tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ mú ìwé kékeré yẹn jáde, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ìgbésẹ̀ 3, kí ẹ sì kọ́kọ́ pe ẹni tí kò wá lánàá.